Bàbá Ó-Yé-Mi àti Àwọn Ajá Inú Òkun

Nígbà tí télọ̀ ká aṣọ aláró kúrò lórí bàsíà ìfọṣọ ńlá tí bàbá rẹ̀ gbé sáàrin pálọ̀, ẹja ló ń retí láti rí. Ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ kíláàsì ọmọ náà ti ń bọ̀ lójú títì, ariwo wọn ti ń wọlé láti ojú fèrèsé. Télọ̀ ti gé bébà bí ewéko òkun, ó ti so ó mọ́ àjà, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ìgbì omi yí ògiri ká. Ó tẹ̀ síwájú, ó bojú wo inú bàsíà. Ajá ló rí.

Kì í ṣe ajá kan o. Agbo ajá ni. Ajá onírùkíká, ajá elétí gbọọrọ, ajá tó la ẹnu bí ẹni tó ń gbó olè, gbogbo wọn léfòó sórí omi, ara tù wọ́n bí ọmọ onílé.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ajá ni," ni Bàbá wí. Ó ń fi ọwọ́ nu ọ̀dà kúrò létí.

"Mo rí i pé ajá ni. Àwọn ẹja dà?"

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ó wo bàsíà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ àwọn ajá náà, bóyá ẹja kan ti yọ́ wọ àárín wọn lẹ́yìn òun. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ mọ́ kedere bí ojú ọmọ tuntun. "Ẹja wo?"

Títí di òní, bí èèyàn méjì láti àdúgbò yẹn bá pàdé, tí orúkọ bàbá náà bá jáde, ìtàn yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú sọ. Ṣùgbọ́n kò lè yé ẹni tí kò bá mọ Bàbá fúnra rẹ̀. Ká má sì purọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ yé ẹni tó mọ̀ ọ́n náà.

Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni Bàbá ṣe jẹun. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kódà nígbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò kó o kúrò. Ó ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà wà nínú ìwé ìbí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì sùn sí. Bàbá Ó-Yé-Mi ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ rí tó dé ìparí. Bí o bá ti la ẹnu báyìí, á ti mi orí: "Ó yé mi." Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òtítọ́ ni. Ti Bàbá náà máa ń di odindi, àmọ́ odindi ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ìyàwó awakọ̀ kan rí i lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń lọ kí aláìsàn ní ọsibítù, kò sì fẹ́ fi rédíò tuntun rẹ̀ sílé torí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ bàjẹ́. Ó gbé e wá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú rédíò yìí, mò ń..."

"Ó yé mi."

"Mo ní mò ń lọ..."

"Ó yé mi, ó yé mi. Máa lọ, kó o padà wá."

Obìnrin náà lọ, ó padà wá. Rédíò rẹ̀ ti di ìfun lórí tábìlì: wáyà níhìn-ín, irin lọ́hùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ lórí àga bí karahun ìjàpá. Ó kígbe, "Yéè! Bàbá, rédíò mi!"

"Ìwọ náà ni mò ń dúró dè," ni Bàbá wí. "Kí ló ń ṣe é gan-an?"

"Kò sí ohun tó ń ṣe é! Ṣebí kí ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ ni mo wí!"

"Ìtọ́jú wo ló tún ju èyí lọ?"

Ó tò ó padà. Nọ́ọ̀tì mélòó kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó wọn sínú agolo, ó ní wọn kò wúlò, rédíò náà kàn ń gbé wọn kiri lásán ni. Láti ọjọ́ náà, ilé iṣẹ́ rédíò kan ṣoṣo ló ń mú wọlé, èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Bàbá ní kó fetí sí i dáadáa, ṣé ohùn náà kò mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ìyàwó awakọ̀ gbà pé ó mọ́. Ògbufọ̀ ló kù.

Irú ẹni tí télọ̀ gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ má bá a wí. Bàbá rẹ̀ ni, òun sì nìkan lọmọ tí Bàbá bí. Ọdún yẹn ni ọkọ télọ̀ rí iṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, tí télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tó fa ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré lọ́wọ́, tó kó padà sílé òbí rẹ̀. Ọmọ náà wọ ilé ìwé tuntun. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nítòsí ẹni tó ń sùn lọ. Bó bá dé láti ilé ìwé, ìyá rẹ̀ á bi í pé, "Ta lo bá ṣeré lónìí?" Ọmọ á ní, "Àpò mi." Bẹ́ẹ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ lọ́túnla. Àpò nìkan ló ń bá ṣeré.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá rẹ̀ lára. Ó pinnu pé ọjọ́ ìbí ọmọ náà tó ń bọ̀, òun á pe gbogbo kíláàsì rẹ̀ wá sílé. Ó bi ọmọ pé irú àríyá wo ló fẹ́. Ọmọ ní òun fẹ́ kí ilé dà bí ìsàlẹ̀ òkun. Owó àtira eré ìgbàlódé kò sí lápò télọ̀, ṣùgbọ́n ó rántí eré kan tó rọrùn: èèyàn á gé ẹja láti ara páálí, á fi píìnì sí i nímú, á da ẹja náà sómi, àwọn ọmọ á fi okùn àti òòfà máa fà á jáde. Ta ló sì ní òòfà nílé ju Bàbá lọ? Abẹ́ tábìlì rẹ̀ kún fún ìfun rédíò tó ti kú, òòfà sì wà nínú ohun tó ń gbé ohùn jáde nínú wọn.

Ibi tó ti ṣìṣe ni pé ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tó pe Bàbá, ó sì fi ètè há píìnì bí ìṣe àwọn télọ̀. Ẹni tó bá há píìnì sẹ́nu kò lè ya ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù jáde dáadáa. Ẹja nìkan ló há sáàrin píìnì, ohun tó sì bọ́ sétí Bàbá, etí tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí rédíò tó ń hó, kì í ṣe ẹja.

"Ó yé mi," ni Bàbá wí. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, mi ò tíì sọ tán!"

"Páálí, píìnì, òòfà, omi. Kí ló kù?"

Télọ̀ rò ó, kò rí ohun tó kù. Òun náà sì padà sídìí aṣọ.

Ká sọ tòótọ́, kò yé Bàbá. Ó jókòó síwájú páálí bisikíìtì, ó gbé sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kò gé nǹkan kan. Òòfà ò ṣòro. Omi ò ṣòro. Ajá ló ń dà á láàmú. Kí ni ajá ń wá nínú òkun? Ì bá padà lọ béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní ó yé òun, ojú wo ló fẹ́ fi padà? Ó dìde, ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, jọ̀ọ́, ajá wà nínú òkun àbí kò sí?"

Onígbàjámọ̀ gbé abẹ kúrò lórí oníbàárà rẹ̀, ó ronú sí i. "Bí wọ́n bá jù ú síbẹ̀, á wà níbẹ̀."

"Bí wọn ò bá jù ú síbẹ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló bẹ́ sí i."

Oníbàárà tí wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìdajì yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ajá ta ló kú sómi?"

Wọn kò dá a lóhùn, torí náà ó dá ara rẹ̀ lóhùn, ó sì gbé ìdáhùn náà lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó awakọ̀ àti àwọn mìíràn ti wá bá Bàbá kẹ́dùn. Bàbá kò sin ajá rí láyé rẹ̀. Ó gbé àga fún wọn.

"Bàbá, ẹ kú àfẹ́kù ajá o," ni ìyàwó awakọ̀ wí, ó dijú.

Bàbá rò pé wọ́n ń kí òun kú iṣẹ́ ni. Inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ṣé o. Ó ku ìrù."

Obìnrin náà bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ohunkóhun, wọ́n rọra dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ sọ fún ará ilé wọn pé ikú ajá Bàbá Ó-Yé-Mi kì í ṣe kékeré.

Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, ì bá ti yọ gbogbo ilé nínú wàhálà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó bá Bàbá tó ń fi ọ̀dà ilẹ̀kùn kun ajá páálí, tó ń rì í bọ inú àbẹ́là yíyọ́ kí omi má bàa wọ inú rẹ̀.

"Bàbá wọn, ṣé ajá ni ọmọ ẹ ní kó o ṣe?"

"Ajá ni."

"Inú òkun?"

"Ìyá wọn, ayé ti yí padà."

Ìyá Àgbà yíjú padà. Ó rò pé ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ìsinsìnyí ni. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé àwọn yòókù mọ̀, báyìí ni ajá ṣe ń pọ̀ sí i.

Píìnì ló wá kù. Bàbá rí i lára aṣọ kan tó wà lórí ìkọ́ nínú yàrá télọ̀, ó jókòó tì í, ó fi sùúrù yọ gbogbo rẹ̀, kò sì ya aṣọ náà níbì kankan. Ó tún gbé e padà sórí ìkọ́ bó ṣe bá a. Nígbà tí oníbàárà, akọ̀wé báńkì kan, wá wọ aṣọ náà wò, ó gbé ọwọ́ òsì sókè láti wo ara rẹ̀ nínú dígí, apá òsì aṣọ jábọ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, apá ọ̀tún bá a lọ. Ó dúró síwájú dígí, ó wo ohun tó kù lára rẹ̀, ó sì béèrè pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé ṣé àrà tó ń lọ lóde nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn dé ọjọ́ àríyá nìyẹn, tí télọ̀ dúró lórí bàsíà, tí Bàbá sì bi í pé, "Ẹja wo?" Kí télọ̀ tó rí ẹnu fèsì, ilẹ̀kùn ti dún. Àwọn ọmọ ti dé.

Wọ́n wọlé pẹ̀lú ìpẹ́ bébà lára àti adé ìlẹ̀kẹ̀ lórí, wọ́n wo ewéko òkun lókè, wọ́n wo ìgbì lára ògiri, wọ́n kígbe ayọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dé ìdí bàsíà. Igbe náà kú.

Olórí kíláàsì wọn wà níwájú, ọmọkùnrin onígíláàsì kan tó máa ń bá tíṣà pàápàá jiyàn. Ó ti gíláàsì rẹ̀ sókè. "Ajá kì í gbé inú òkun," ni ó wí.

"Ìwọ ti dé ìsàlẹ̀ òkun rí?" ni Bàbá bi í.

"Rárá, sà."

"Èmi náà ò dé ibẹ̀ rí. Kí la wá ń jà sí?"

Ọmọkùnrin náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó gbé ọ̀pá. Ọ̀pá náà dára o, irin agboòrùn tó ti ya ni Bàbá fi ṣe é, ó so òwú sí i, ó so ẹ̀là òòfà sí òpin òwú. Wọ́n kàn dúró ni. Ọmọ kan béèrè pé ìgbà wo ni ìyá òun ń bọ̀ wá mú òun. Òmíràn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára. Ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú aṣọ aláró tí ìyá rẹ̀ rán fún un, ó tẹ orí ba, ó di etí aṣọ náà mú bí ẹni tó ń di okùn àpò mú. Ká ní ilẹ̀ lè lanu, télọ̀ ì bá wọlé lọ, ì bá sì fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ.

Nínú bàsíà, àbẹ́là ara ajá kékeré kan kò dì dáadáa. Omi wọ inú páálí rẹ̀. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí rẹ̀ kan rì, imú rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó rí i. "Ó ń rì," ni ó wí. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó rìn wá sídìí omi, ó mú ọ̀pá kan, ó sì ké pẹ̀lú ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò mọ̀ pé ó ní: "Wọ́n ń rì! Ẹ gbé ọ̀pá! Ẹ gbà wọ́n o!"

Yéè! Ilé dàrú. Àwọn ọmọ dà bo ọ̀pá, àwọn tí kò rí ọ̀pá gbé ṣíbí, òwú kọ́ òwú, òòfà mú òòfà, adé jábọ́ sómi. "Ẹ mú tòsì yẹn! Ó ti fẹ́ lọ!" Olórí kíláàsì ti kúnlẹ̀, gíláàsì rẹ̀ wà létí kan, ó ń pariwo pé, "Ẹ má fà á nírù, ẹ má fà á nírù!" Wọ́n tẹ́ aṣọ aláró tó bo bàsíà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tẹ́ àwọn tí wọ́n gbà là sórí rẹ̀, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nímú, wọ́n ń fi kéèkì bọ́ wọn. Olórí kíláàsì gbé ajá kan tó ti rin gbingbin wá bá Bàbá. Omijé ti ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Sà, èyí ò mí mọ́."

Bàbá gbà á. Ó gbé e sétí bó ṣe máa ń gbé rédíò tó bá dákẹ́ sétí, ó fetí sí i títí gbogbo ilé fi pa rọ́rọ́. "Ó ń mí," ni ó wí. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Nígbà tí wọ́n gba gbogbo wọn tán, wọ́n tún da gbogbo wọn padà sómi, kí wọ́n lè tún gbà wọ́n.

Ọjọ́ tí ilé ìwé tún ṣí, àwọn kan ti ń dúró de ọmọ náà lẹ́nu géètì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í lọ́sàn-án pé ta ló bá ṣeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ títí oúnjẹ fi tutù níwájú rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì dá a lẹ́kun.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àríyá gan-an, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ, tí ilẹ̀ pálọ̀ ti di ẹrẹ̀, télọ̀ jókòó ti Bàbá ní ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹja ni mo wí."

Bàbá yíjú sí i. "Ẹja?"

"Ẹja."

"Ìyẹn ì bá mà yé mi o," ni Bàbá wí.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ ní òun fẹ́ kí ilé dà bí inú igbó. Télọ̀ tu gbogbo píìnì kúrò lẹ́nu. Ó di Bàbá lọ́wọ́ mú, ó wò ó lójú. "Bàbá, ẹyẹ ni o. Ẹyẹ tí wọ́n á máa ju òrùka sí lọ́rùn. Ẹ-yẹ."

"Ó yé mi."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹyin ló kó jáde, ẹyin páálí ńláńlá, ó kùn wọ́n dáadáa, ó tò wọ́n sínú ìtẹ́.

"Bàbá! Ẹyẹ ni mo wí!"

"Ẹyẹ ni. Wọn ò tíì jáde ni."

Àwọn ọmọ kò tilẹ̀ bi ara wọn léèrè. Olúkúlùkù jókòó lé tirẹ̀. Olórí kíláàsì kọ̀ láti dìde títí ìyá rẹ̀ fi dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní kéèkì jẹ, torí ó ní kò ní dára kí tòun tutù.

Ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ládùúgbò. Àwọn kan ní Bàbá ṣì í gbọ́ ni, bí ìṣe rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, torí ó ti rí ohun tí àṣìgbọ́ ṣe fún ọmọ náà. Onígbàjámọ̀ bi í lójú ara rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́, sọ tòótọ́ fún mi, ṣé o gbọ́ ẹyẹ tàbí o ò gbọ́?" Bàbá ní òun gbọ́. Onígbàjámọ̀ ní, "O gbọ́ kí ni?" Bàbá ní, "Ohun tó wí." Onígbàjámọ̀ ló jẹ́wọ́ pé òun ò tún rí nǹkan kan gbá mú lẹ́yìn èyí.

Bàbá pẹ́ láyé dáadáa. Ojú oorun ló ti lọ, ní àárọ̀ kan tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Àwọn èèyàn wá sílé, wọ́n sì wá pẹ̀lú ojú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè mú ojú ọ̀fọ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà yẹn? Ìyàwó awakọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní rédíò òun ṣì ń sọ̀rọ̀, pé òun ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè náà. Onígbàjámọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Olórí kíláàsì, tó ti di ọkùnrin onírùngbọ̀n, fi aṣọ nu gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un nù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń kọjá lọ fi bi wọ́n pé ọmọ wo ni wọ́n ń kó jáde.

Ìyá Àgbà gbọ́ wọn láti ilé ìdáná. Ó fẹ́ gbé omi kaná fún àwọn àlejò, ó bu omi sínú ìkòkò, ó sì yíjú láti lọ wá ìdérí. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ìdérí ìkòkò rẹ̀ kì í sí nílé ìdáná. Á ti di táyà nínú ṣọ́ọ̀bù, tàbí òṣùpá, tàbí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Òun á lọ síbẹ̀ láti gbà á, á kọ́kọ́ bínú, á bi Bàbá pé kí ló tún ń ṣe, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, òun náà á fa àga, ìkòkò á sì hó gbẹ síná.

Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kó tó rí i. Ìdérí náà wà lórí àga ìdáná, níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e sí, ọwọ́ kankan kò kàn án.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọlé, ọmọ jẹ́jẹ́ ìjọ́sí, òun náà ti di ìyàwó ilé báyìí. "Ìyá Àgbà, kí lẹ ń wá? Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá a."

"Mi ò wá nǹkan kan," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo ti rí i."

Ó mú ìdérí náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó rọra jókòó. Ọmọ náà wò ó, ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í. Ẹ̀rín ṣì ń ta láti ẹnu ọ̀nà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, wọ́n sì jẹ́ kó máa hó.